Ìtàn Ìdúró: Ríra Ọkọ̀ Titun ní Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí àwọn tí ó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí béèrè ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mo ní ríra ọkọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé ìtàn ọba, ìtàn ogun, tàbí ìtàn ìjọ ni àgbà òpìtàn máa ń sọ. N kò bá a jiyàn. Mo kàn sọ fún un pé ohun tí ènìyàn bá san owó lé lórí, tí ó dúró dè é fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń lá àlá rẹ̀ lóru, kò lè ṣàìní ìtàn nínú.

Ohun tí ó ta ọ̀rọ̀ náà jí nínú mi nìyí. Ní ìparí ọdún 2021, ọmọ àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi owó sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun kan, irú èyí tí ń lo epo bẹntiróòlù àti iná mànàmáná pọ̀. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì epo wà, ẹ̀rọ iná sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ì bá ṣòfò ni ẹ̀rọ náà ń sọ di iná, tí ó ń padà sínú bátìrì. Nítorí náà epo tí ọkọ̀ náà ń jẹ dín kù, pàápàá láàárín ìlú tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti pọ̀. Toyota ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún títà, èyí tí wọ́n pè ní Prius, ní ilẹ̀ Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ọmọ wa rò pé bí òun bá ti fi owó sílẹ̀ lónìí, ní oṣù tí ń bọ̀ òun yóò gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí ó lọ máa dúró ná, wọn yóò ránṣẹ́ sí i.

Ìdí tí ìdúró náà fi gùn kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé ní ọdún 2020, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ rò pé oníbàárà ti tán, wọ́n sì fagi lé àwọn ẹ̀rọ wínníwínní tí wọ́n ti béèrè fún, èyí tí ń ṣe bí ọpọlọ nínú ọkọ̀ òde òní. Àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n gba ipò wọn lọ́dọ̀ àwọn tí ń rọ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí oníbàárà ọkọ̀ padà dé, ààyè kò sí mọ́. Ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022 tún dá kún un, nítorí pé ní Ukraine ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn wáyà tí àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò. Ọmọ náà pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ irú èyí rí, kí ènìyàn ní owó lọ́wọ́, kí ọjà wà, kí wọ́n ní kí ó lọ jókòó?" Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi. Bàbá rẹ yìí náà ti jókòó rí."

Láti inú ìdáhùn yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni láti sọ bí àwọn ènìyàn ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe dúró de ọkọ̀ titun láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1986, àti ohun tí ìdúró náà fi ojú wọn rí. Mo wà lára wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹlẹ́rìí tí kò fì sí ibì kan ni ń sọ̀rọ̀.

A kò lè mọ ìdí tí ọkọ̀ fi di ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ pàdánù ọ̀rẹ́ bí a kò bá kọ́kọ́ wo ibi tí ìlú méjèèjì yìí wà. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Láti Ìbàdàn, dípò kí ó gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni ó yà sí. Ó gba Ìwó, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Ọ̀fà kọjá lọ. Ìlú Aláàfin kò gbọ́ fèrè rélùwéè. Ògbómọ̀ṣọ́, tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó ti àwọn ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ohun tí Ọ̀yọ́ rí gbà dípò rẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn, èyí tí a là ní ọdún 1906, tí a sì máa ń kà sí ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ní ìlú méjèèjì yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó kù fún un. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tó nǹkan bí kìlómítà 50, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kékeré kọ́ ni fún tíṣà tí ó ní láti lọ gba owó oṣù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ òjò.

Ìdúró kò sì bẹ̀rẹ̀ ní ayé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní àkókò ogun Hitler, láti ọdún 1939 sí 1945, ìjọba òyìnbó fi ìwé àṣẹ de ọjà tí ń ti òkè òkun wọlé. Kẹ̀kẹ́, aṣọ, iyọ̀, gbogbo rẹ̀ di ohun tí a ń fi ojú rere gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ ọjà tí ó yá ni a máa ń fi dandan mú pé kí ó kọ́kọ́ ra èyí tí kò yá mọ́ ọn. Ní Èkó, Kápítẹ́nì Pullen dá iye lé oúnjẹ, gàrí sì sá kúrò lójú ọjà lọ sí kọ̀rọ̀. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ohun tí a ó rí ní ọdún ọgbọ̀n lẹ́yìn náà fi ojú jọ ọ́ gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ti lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń dúró de ọkọ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Ẹ rántí pé bọ́lẹ̀kájà kì í dé láti òkè òkun ní odindi. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ń dé. Àwọn káfíńtà wa ni ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń ya òwe sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti ṣòwò dé ilẹ̀ Gold Coast. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Tamale àti ní àwọn ìlú apá òkè Gánà. Nígbà tí ìjọba Busia pa á láṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéyè kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó padà wálé. Àwọn kan kò mú ju aṣọ ọrùn wọn bọ̀. Àwọn tí ó mú owó díẹ̀ bọ̀ ń wá ohun tí wọn yóò fi í ṣe, ọkọ̀ sì ni ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn púpọ̀ nínú wọn. Báyìí ni ẹsẹ̀ ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn tí ń ta ọkọ̀ kí owó epo rọ̀bì tó dé rárá.

Owó epo náà wá dé. Ní ìparí ọdún 1973 àti ní 1974, iye epo rọ̀bì fò sókè ní gbogbo ayé. Ní ọdún 1974 kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ mú àbọ̀ wá lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba Gowon fi kún owó oṣù, ó sì ní kí a san àfikún náà láti oṣù Kẹrin ọdún 1974. Nígbà tí ọdún 1975 bẹ̀rẹ̀, ènìyàn gba àfikún oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá sí láyé nígbà náà kò lè mọ bí ó ti rí. Olùkọ́ tí kò tíì mú owó tí ó tó bẹ́ẹ̀ dání rí láyé rẹ̀ bá ara rẹ̀ pẹ̀lú owó Udoji lápò. Rédíò, fáànù, alùpùpù, fìríìjì, gbogbo wọn ni a rà. Àwọn tí ojú wọn ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọkọ̀ ni àwọn yóò rà.

Ó sì dà bí ẹni pé ìjọba ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975 kan náà ni a ṣí ilé-iṣẹ́ àtòpọ̀ ọkọ̀ méjì: ti Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní ọ̀nà Badagry ní Èkó. Lẹ́yìn wọn ni a dá ti àwọn ọkọ̀ ńlá sílẹ̀: Leyland ní Ìbàdàn, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano, Mercedes ní Enugu. Peugeot 504 ni ó gba ọkàn àwọn ènìyàn jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kò bẹ̀rù kòtò, ó sì lè kó ìdílé àti ẹrù wọn pọ̀. A ti yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nítorí náà àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wọn wà lápá ọ̀tún wá dà bí ẹni tí ó wọ bàtà òdì. Ẹni tí ó ní wọn fẹ́ pààrọ̀ wọn. Nígbà tí ìjọba Obasanjo sì ní kí àwọn ìjòyè ìjọba rẹ ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ olówó ńlá sílẹ̀, Peugeot 504 ni wọ́n rẹ ara wọn sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tí ó jẹ́ ìrẹ̀sílẹ̀ fún ọ̀gá ní Èkó ni tíṣà Ọ̀yọ́ ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá, ìjọba sì ti dúró níwájú rẹ̀ lórí ìlà.

Kí a má gbàgbé pé àtòpọ̀ ni a ń sọ. Irin, ẹ́ńjìnnì, gíláàsì, púpọ̀ nínú wọn ni a ń kó wọlé láti ilẹ̀ Faransé, Jámánì àti Brazil, tí a wá ń so pọ̀ níhìn-ín. Bí èbúté bá sé, ilé-iṣẹ́ sé. Ní ọdún 1975 náà ni èbúté Èkó sì kún títí tí ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 400 fi ń dúró lórí òkun, púpọ̀ nínú wọn ru sìmẹ́ǹtì tí ìjọba béèrè láìṣírò. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni a béèrè, nígbà tí èbúté kò lè já ju ìwọ̀nba kékeré nínú rẹ̀ lọ lọ́dún. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọkọ̀ òfurufú ni a fi ń kó apá kan nínú ohun èlò Peugeot láti Lyon wá sí òkè ọya. Ẹ wo ọkọ̀ tí ó fò kí ó tó rìn! Síbẹ̀, ìlà àwọn tí ń dúró kò kúrú.

Bí a ti ń béèrè fún ọkọ̀ nìyí, fún àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ yóò kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ pé o fẹ́ yá owó ọkọ̀. Ìwé náà yóò gòkè lọ sí Ìbàdàn, yóò sùn sórí tábìlì mélòó kan. Bí wọ́n bá gbà, ìwọ yóò wá onígbọ̀wọ́, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ tó tìrẹ tàbí tí ó jù ú lọ, tí yóò fọwọ́ sí i pé bí o bá sá tàbí bí o bá kú, òun yóò san án. Iṣẹ́ ńlá ni láti wá ẹni bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìyàwó ilé kan tí kò bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì nítorí pé àna kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn èyí ni ìwọ yóò lọ sọ́dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ìwọ yóò san owó, wọn yóò fún ọ ní ìwé ẹ̀rí tí ó ní nọ́ńbà lórí, wọn yóò ní kí o máa yọjú. Ọ̀rọ̀ "máa yọjú" yìí ni gbogbo ìtàn náà. Ìyọjú kan jẹ́ odindi ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti ẹ̀kọ tútù ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ní gbogbo àkókò yìí, ìjọba ti ń yọ owó ẹ̀yáwó náà nínú owó oṣù rẹ. Ìwọ ń san owó ohun tí o kò tíì fojú rí.

Bí ọkọ̀ bá dé, lẹ́tà ìpín ni yóò fi dé. Lẹ́tà yìí gan-an ni ó di ọjà. Ẹni tí ó mọ ènìyàn ní ibi gíga lè gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìní owó tí yóò fi ra ẹyọ kan, yóò sì tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò. Ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, bí o bá fẹ́ ọkọ̀ lọ́la, wàá rí i rà lọ́la, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní iye tí ìjọba dá. Èyí ni ó ń bí àwọn olùkọ́ nínú jù. Ọkùnrin tí kò ka ìwé mẹ́fà ń gun ọkọ̀ tí a kò tíì yọ ọ̀rá lórí àga rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ń dúró sí garéèjì Ọ̀wọdé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Èmi náà bínú bẹ́ẹ̀. N óò sọ ohun tí mo fi ìbínú náà ṣe.

Mo jẹ́ olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1976 ni mo san owó fún Volkswagen kékeré, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ọ̀yọ́, òun náà jẹ́ olùkọ́, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Ó ti san tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú mi ní ibì kan náà. A ń yọjú pọ̀. Èmi yóò wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní òwúrọ̀ kùtù, òun yóò sì máa dúró dè mí ní Ọ̀wọdé, yóò ti ra àkàrà sínú ìwé ìròyìn. A ó jẹ ẹ́ títí dé Ìbàdàn, a ó máa sọ ibi tí a ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn Oníbatíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ojú rẹ̀ tí ń ṣókùnkùn. Èmi kò ní ohun gidi kan tí mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́tàlá, mo dá yọjú ní ọjọ́ kan. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú wa. Ó pè mí sẹ́yìn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ọkọ̀ kan wà nílẹ̀. Bí ẹ bá lè bá mi wá àyè fún àbúrò mi ní ilé-ìwé yín, mo lè fi orúkọ yín sí i." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àwọn tí ó wà níwájú mi ńkọ́. Ó ní wọn yóò rí tiwọn. Mo fọwọ́ sí i. Àbúrò rẹ̀ wọ ilé-ìwé wa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọmọ dáadáa sì ni, n kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ tí mo wa ọkọ̀ náà gba Ọ̀yọ́ kọjá, mo yà kí Ẹ̀gbọ́n. Ó jáde, ó yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀. Ó mọ nọ́ńbà ìwé mi, ó sì mọ tirẹ̀. Ó ní, "Tìrẹ ti dé nù un, àbúrò mi. Ó dára." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù Kìíní ọdún 1978 ni tirẹ̀ tó dé. Iye rẹ̀ ti gòkè, ó sì tún ní láti yá owó lé ti àkọ́kọ́. Kò wọ inú ọkọ̀ mi rí títí mo fi tà á. Ó ti di olóògbé báyìí, ìdí nìyí tí mo fi lè sọ ọ́, àti ìdí tí n kò fi dárúkọ rẹ̀.

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ohun tí ó fa ìdúró gígùn ayé ìgbà náà, ìwà ìbàjẹ́ ni wọn yóò wí. Mo ti fi ẹ̀rí ara mi hàn pé kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá dúró síbẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìjọba ológun ti ṣe òfin tí ó de iye owó ọjà ní ọdún 1970, a sì tún un ṣe ní 1977. Kẹ̀kẹ́, alùpùpù, ọkọ̀ àti ohun èlò wọn wà nínú àwọn ọjà tí òfin náà kà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun, mílíìkì, ìṣáná, iyọ̀, ṣúgà àti epo ọkọ̀. Ẹni tí ó ṣe òfin náà fẹ́ dáàbò bo tálákà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kò tó, tí iye rẹ̀ lórí ìwé sì kéré ju iye tí ènìyàn múra tán láti san, àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ọrọ̀ tí kò ní olówó. Ẹni tí kálámù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni olówó rẹ̀. Owó naira wa náà lágbára lọ́nà ẹ̀tàn nígbà náà, ó mú kí ohun òkè òkun dà bí ọ̀pọ̀ lójú wa ju bí ó ti jẹ́ lọ, gbogbo ènìyàn sì ń sáré sí ohun tí ó pọ̀. Ká ní áńgẹ́lì ni gbogbo akọ̀wé tí ó jókòó sí ọ́fíìsì wọ̀nyẹn, ìlà ì bá ṣì wà. Ìyàtọ̀ tí ì bá wà ni pé Ẹ̀gbọ́n ì bá gba ọkọ̀ ṣáájú mi, ìyá rẹ̀ ì bá sì tètè dé ilé ìwòsàn. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń sọ níbí pé, ó tán, kí ìjọba yọwọ́ nínú iye ọjà, ìlà yóò pòórá. Ìlà sì pòórá lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ṣe pòórá. Iye epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọdún 1981 àti 1982. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, ìjọba Shagari ṣe òfin ìfúnlókun, ó tún fi ìwé àṣẹ de ọjà tí ń wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ àtòpọ̀ kò rí owó ilẹ̀ òkèèrè gbà láti fi ra ohun èlò, ọjọ́ iṣẹ́ wọn sì dín kù. Nígbà tí àwọn ológun padà dé ní ìparí ọdún 1983, tí ìjọba Buhari bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wa láti máa tò lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1984, ẹ̀rín pa wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé a ti kúrò lórí ìlà tẹ́lẹ̀ ni? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà owó òkèèrè titun. Ní ọdún 1985, dọ́là kan kò tó naira kan. Kí ọdún 1987 tó parí, ó ti lé ní naira mẹ́rin. Ọkọ̀ tí tíṣà lè yá owó rà tẹ́lẹ̀ di ohun tí owó oṣù rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kò lè kájú. Ìlà pòórá nítorí pé àwọn tí ó wà lórí rẹ̀ padà sílé. Lójú tèmi, a kò gbọdọ̀ pe èyí ní ìwòsàn. Lórí ìlà ti 1976, ó ṣì ṣeé ṣe pé kí ọmọ àgbẹ̀ tí ó di olùkọ́ wa ọkọ̀ titun wọ ìlú. Mo lè ka iye olùkọ́ tí mo mọ̀ tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986. Ìka ọwọ́ kan tó mi.

Ohun tí ó wọlé sí àyè náà ni tòkunbọ̀. Ó yẹ kí a dúró wo ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wálé, orúkọ iyì sì ni. A wá gbé e fún ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò gbó, tí ó gba èbúté Kútọnu àti Èkó wọlé. Èdè ṣe àánú fún wa níbẹ̀, ó bo ìtìjú wa. Volkswagen ti Èkó kú díẹ̀díẹ̀, ti Kàdúná sì di ojìji ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba titun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó 200 naira lítà kan fò lé 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì kọjá 600 ní oṣù Keje. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kí ènìyàn máa béèrè ọkọ̀ tí ń lo epo àti iná pọ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe titun. Mẹkáníìkì kan ní Tákíè sọ fún mi pé bí bátìrì ńlá inú rẹ̀ bá ti gbó, iye òmíràn lè mú kí olówó ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ kó ronú. Ọmọ àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ti gba tirẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá. Mo ka oṣù náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi. Ó fi oṣù kan ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé tí ó pè é sẹ́yìn, ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ sì gba tirẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí lé lórí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọkọ̀ ní Ìbàdàn ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó sanwó sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n san án àti ọjọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀. Bí a bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, a lè fi ọjọ́ kìíní wé ọjọ́ kejì, kí a mọ ẹni tí ó dúró, ẹni tí kò dúró, irú iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe, àti ìlú tí ó ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti palẹ̀ mọ́. Kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ra ilé wọn, kí ikán tó mu ìwé náà tán. Bí ẹ bá sì rí èyí tí ó jẹ́ ti ọdún 1976, ẹ ó rí orúkọ mi níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ orúkọ ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan. Ẹ wo ọjọ́ tí ó wà níwájú méjèèjì.